Àgbádárìgì ni àbí Abẹ́òkúta? Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ dájà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya kan l'Ójú Ore

Ojú Ore n'Ọ̀tà kì í ṣe ibi téèyàn ń jókòó sí, ibi téèyàn ti ń wọkọ̀ ni. Ẹ dúró níbẹ̀ ní aago méje àárọ̀ kẹ́ẹ gbọ́ ariwo. Kọ̀ńdọ́ kan ń pe Ṣàngó, èkejì ń pe Iyèsí àti Àtàn, màrúwà àti kórópe ń du ọ̀nà mọ́ra wọn lọ́wọ́, tírélà tó ń kó ẹrù bọ̀ láti fákítírì sì ti dábùú títì, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn lẹ́bàá ọ̀nà bíi ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ àárọ̀ ń forí gbárí pẹ̀lú àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Ọ̀nà tó ti abẹ́ afárá Ṣàngó lọ sí Ìdí-Ìrókò ni Ojú Ore wà. Bẹ́ẹ bá yíjú sẹ́yìn, kò pẹ́ tẹ́ẹ ó fi bá ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ bá kọjú síwájú, ẹ ó dé Àtàn, ibẹ̀ lọ̀nà ti yà sí Lúsàdà àti Agbára, títí tó fi já sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Téèyàn bá ta okùn láti Ọ̀tà dé Abẹ́òkúta, tó tún ta òmíì dé Àgbádárìgì, okùn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba, nǹkan bíi 50 kìlómítà ni wọ́n. Ọ̀kan lọ sókè sí ìlú olókùúta, èkejì lọ sísàlẹ̀ sétí omi.

Ohun tó mú mi sọ èyí ni pé àwọn èèyàn ti ń kó kúrò l'Ọ̀tà. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà ì bá pa èèyàn, torí ọ̀pọ̀ wọn, owó ilé Èkó ni wọ́n sá fún wá síbẹ̀. Wọ́n dé, wọ́n bá ilẹ̀ tí owó rẹ̀ ṣeé gbọ́, wọ́n bá fákítírì tó ń gbani síṣẹ́, wọ́n fìdí kalẹ̀. Àṣé owó ilé Èkó náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu wá kéde lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún, 2023, pé kò sówó ìrànwọ́ lórí epo mọ́, epo tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 bọ́ sí nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì gbéra ńlẹ̀. Ẹni tó ń ti Ọ̀tà lọ sí Ìkẹjà lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò bóyá iṣẹ́ lòun ń lọ ṣe ni, àbí òun kàn ń ṣiṣẹ́ fún onímọ́tò.

Ìdílé kan ló jẹ́ kí n mú kálàmù. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ jẹ́ ká máa pe ọkọ ní Bàbá Ìbejì, ká máa pe ìyàwó ní Ìyá Ìbejì. Ọdún mẹ́rìnlá ni Bàbá Ìbejì fi dúró nídìí ẹ̀rọ nínú fákítírì kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, kí wọ́n tó pe òun àtàwọn kan lọ́jọ́ kan, wọ́n fún wọn ní lẹ́tà pẹ̀lú owó díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí lánlọ́ọ̀dù náà fi ní òun ti fowó kún owó ilé. Bàbá Ìbejì mọ iṣẹ́ o, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ṣòro fún un láti tú. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fún un yẹn, owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Tó bá ná an síbi tí kò yẹ, kò sí òmíì níbì kankan. Ọmọ mẹ́ta ló sì wà nílẹ̀: àkọ́bí tó wà ní SS 2, àti ìbejì tó fẹ́ wọ JSS 1.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni ọkọ, Ìtokò n'Abẹ́òkúta nilé bàbá rẹ̀ wà. Ègùn Àgbádárìgì ni ìyàwó, ẹja gbígbẹ ló ń tà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fi ẹja ránṣẹ́ sí i láti ilé. Ìyàwó ní Àgbádárìgì ni kí wọ́n kó lọ: ìyá òun wà níbẹ̀, ilẹ̀ wà níbẹ̀, atẹ́gùn wà níbẹ̀, kò sí èéfín fákítírì. Ọkọ ní ọkùnrin kì í lọ fìdí kalẹ̀ sílé àna.

"Bí mo bá kọ́lé sórí ilẹ̀ ìyá rẹ, ṣé èmi ni mo nilé ni, àbí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Ìyá Ìbejì náà ò dákẹ́. "Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú o. Yàrá kan ṣoṣo nílé bàbá yín, tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín obìnrin á máa ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi wò, ṣéyẹn lẹ̀ ń pè nílé?"

Ẹ ò rí nǹkan! Ojú mi ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ fojú rí ibi méjèèjì. Sátidé kan la lọ sí Àgbádárìgì, Sátidé tó tẹ̀ lé e la lọ sí Abẹ́òkúta.

Kí n tó sọ ohun tá a bá níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé àríyànjiyàn yìí ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn Awórì tó tẹ Ọ̀tà dó, ìtàn wọn ni pé awo kan tó ń léfòó lórí omi ni Ògúnfúnminíre tẹ̀ lé láti òkè, títí tó fi rì ní Ìṣẹ́rí. Ibi tí awo rì sí ni wọ́n dúró sí. Ká ní irú awo bẹ́ẹ̀ ṣì wà, wàhálà Bàbá Ìbejì ì bá ti tán.

Lẹ́yìn náà làwọn Sàró dé. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, àwọn tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Sàró. Láti 1839 ni wọ́n ti ń padà wálé. Wọ́n ja àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀ l'Ékòó lólè, ló bá di pé Àgbádárìgì ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí. Wọ́n bá òkun níbẹ̀, wọ́n bá àgbọn, wọ́n bá ọjà. Síbẹ̀, àwọn tó jẹ́ Ẹ̀gbá nínú wọn ò dúró. Wọ́n gbẹ́rù karí, ó di Abẹ́òkúta. Ìlú náà kò tíì pé ọdún mẹ́wàá lákòókò yẹn, torí 1830 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó lábẹ́ Olúmọ. Ẹbí wọn ló wà níbẹ̀, Ṣódẹkẹ́ sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Àjàyí Crowther pẹ̀lú, oṣù kìíní 1845 ló dé Àgbádárìgì pẹ̀lú Townsend àti Gollmer. Ṣódẹkẹ́ kú lákòókò yẹn, ogun sì dí ọ̀nà, ni wọ́n bá jókòó sétí omi fún ọdún kan àbọ̀. Gollmer kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà títí dòní. Oṣù kẹjọ 1846 ni Crowther tó wọ Abẹ́òkúta, oṣù yẹn náà ló sì tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti kó o lẹ́rú.

Ọ̀tà ló wà láàárín gbogbo ìyẹn. Ní nǹkan bíi 1842 làwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà, torí wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà tó lọ sétí òkun wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kíyè sí i dáadáa o: ọ̀nà òkun ni wọ́n ń wá, wọn ò wá ilé sétí òkun.

Nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì wá yìnbọn fún Èkó ní 1851, okòwò ṣí kúrò l'Ágbádárìgì, ó lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó ní 1896, ìtòsí Ọ̀tà ló gbà lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, kò tiẹ̀ bojú wo Àgbádárìgì. Ní 1976, Abẹ́òkúta di olú ìlú ìpínlẹ̀ Ògùn. Àgbádárìgì wà lábẹ́ Èkó, ó sì jìnnà sí ibi tí owó Èkó wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ.

Ọjọ́ tá a lọ sí Àgbádárìgì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tá a fi wọkọ̀ l'Ójú Ore. A gba Àtàn, a gba Lúsàdà, a dé Agbára níbi tí àwọn fákítírì ńláńlá tún wà. Látibẹ̀ lọ, gbogbo ibi tá a ti ń dúró ni Ìyá Ìbejì ń kà. Igi wà lójú ọ̀nà, àgbá wà lójú ọ̀nà, àwọn tó wọ aṣọ ìjọba oríṣiríṣi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn tó ń bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò jù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń lọ náà ò lè sáré. Ẹni tó fẹ́ máa gba ibẹ̀ lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní sùúrù tó pọ̀.

Ká má parọ́, nígbà tá a dé, ìlú náà wọ̀ mí lójú. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Atẹ́gùn ń fẹ́, igi àgbọn ń jó. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò débẹ̀ rí rò pé òkun ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọ̀sà lẹ ó kọ́kọ́ bá. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà tí wọn kì í padà mọ́, kẹ́ẹ tó rí òkun gan-an. Ní Tòpó ni iléèṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní ASCON wà, látọdún 1973 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Ilé ìwé ìjọba wà níbẹ̀, ìjọba Èkó sì ti ń sanwó WAEC fáwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba rẹ̀ tipẹ́. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tọ́mọ rẹ̀ wà ní SS 2.

Màmá, ìyá ìyàwó, gbà wá bí ọba. Ibi tí Bàbá Ìbejì ti kọ́kọ́ dákẹ́ ni ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ Màmá. Ó fọwọ́ kàn án, ìpata bọ́ sílẹ̀ bí epo igi. Ó wo orí páànù, ó wo ìṣó ara fèrèsé. Iyọ̀ tó wà nínú atẹ́gùn òkun ń jẹ irin, kò sì mọ ti olówó yàtọ̀ sí ti tálákà. Mo ní ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ kó ríṣẹ́ ṣe. Ó ní òun á ríṣẹ́ ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn irinṣẹ́ tòun náà, irin ni wọ́n.

Lẹ́yìn oúnjẹ làwọn ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì méjì mú wa lọ síbi ilẹ̀. Ilẹ̀ tó dáa ni, iyanrìn funfun, àgbọn mẹ́fà dúró sórí ẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn ìwọ̀n rẹ̀ hàn wá. Bàbá Ìbejì dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó wá bèèrè pé tóun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé, ṣé wọ́n á lè bá òun kọ ìwé sí i. Gbogbo ẹnu pa mọ́. Èyí ẹ̀gbọ́n ló pàpà sọ̀rọ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín ni o: "Àna wa, ṣé tẹbí la ó tún máa kọ sínú ìwé?" Ìyá Ìbejì wolẹ̀. Mi ò rò pé ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn ní èrò burúkú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì gbọ́ ohun tó gbọ́.

Nígbà tá à ń bọ̀, wọ́n ń rò fún wa bí ìlú náà yóò ṣe dáa lọ́la. Wọ́n sọ ti èbúté ńlá tí ìjọba ní òun fẹ́ kọ́ síbẹ̀, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tá a ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n sọ ti ọ̀nà Sókótó sí Àgbádárìgì tí ìjọba àpapọ̀ kéde. Wọ́n sọ ti ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó ní oṣù kẹsàn-án 2023. Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti Màrínà sí Mile 2 ló bẹ̀rẹ̀, Mile 2 sí Àgbádárìgì ṣì jìn. Èmi ò bá wọn jiyàn. Ìkéde ìjọba dáa, àmọ́ a kì í fi sanwó ilé ìwé.

Ohun tí wọn ò sọ, èmi ni mo rántí ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba ti bodè pa. Ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà; Ìdí-Ìrókò tiẹ̀ dúró di 2022. Láàárín ìyẹn, ní oṣù kọkànlá 2019, wọ́n tún pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí bodè. Ẹ wo ibi tí Àgbádárìgì wà lórí máàpù. Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, níbo ló fẹ́ bá oníbàárà nílùú tí kò sí epo?

Abẹ́òkúta ńkọ́? Ẹ má rò pé ọ̀nà rẹ̀ sàn. Kí ọkọ̀ tó bọ́ kúrò ní Ṣàngó kó tó dé Ìfọ̀, àyà wa ti já lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní Ewékorò, níbi tí fákítírì sìmẹ́ǹtì ti wà látọdún 1960, tírélà ló ni títì. Ìlú náà gbóná ju etí omi lọ, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí àpáta bá wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tó ń gbẹ́ kànga á gbẹ́ ẹ títí tí owó á fi tán kó tó rómi. Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín pé omi kì í ṣọṣẹ́ nílùú àpáta: òjò oṣù keje 2018 ya wọlé àwọn èèyàn níbẹ̀, ó pa èèyàn.

Ṣùgbọ́n ilé ìwé wà. Abeokuta Grammar School ti wà látọdún 1908, Baptist Boys' High School látọdún 1923, yunifásítì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà ní Àlàbátà látọdún 1988. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Aba. Láti oṣù kẹfà 2021, ọkọ̀ ojú irin tuntun ń gba Láderin, níbi ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ, kì í kàn án lọ léraléra bíi bọ́ọ̀sì ni. Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni Ọ̀tà àti Abẹ́òkúta, ìwé ọmọ ò ní wàhálà púpọ̀ láti ilé ìwé kan sí èkejì.

Ní Ìtokò, ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ṣẹ. Yàrá tí wọ́n ní ó wà nílẹ̀ de Bàbá Ìbejì, àpò láfún ló kún inú rẹ̀ dé àjà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àgbà ní àwọn á kó o kúrò. Ó wá yíjú sí ìyàwó, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹja rẹ yẹn o, ẹ̀yìnkùlé lọ́ọ̀hún ni wàá máa kó o sí, torí òórùn." Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo wo ojú Bàbá Ìbejì, bó ṣe wolẹ̀ nìyẹn náà. Ó ti di ọ̀kan-ọ̀kan.

Ọjà Kútọ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti yí padà. A kàn fẹ́ ra omi mu ni, Ìyá Ìbejì bá dúró níwájú ẹlẹ́ja kan. Ó gbé ẹja sókè, ó yí i padà, ó bèèrè owó rẹ̀. Ó tún lọ bá ẹlòmíì. Ó bá ẹni kẹta. Ló bá fà mí lápá aṣọ.

"Ẹ gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á? Irú ẹja tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé nìyí o. Eléyìí ò tiẹ̀ gbẹ dáadáa."

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi padà dé Ọ̀tà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ti rò ó. Ní Àgbádárìgì, kò sílé tí wọn kì í ti yan ẹja. Ta ló fẹ́ rà á lọ́wọ́ òun? Ní Abẹ́òkúta, òun nìkan ló máa ní ẹ̀gbọ́n létí omi. Bí òun bá kó lọ sílé, òun á wà nítòsí ẹja, òun á jìnnà sówó. Ṣùgbọ́n òun ò ní gbé Ìtokò. Bó bá jẹ́ Ìtokò ni, kí wọ́n jẹ́ káwọn kúkú máa bá lánlọ́ọ̀dù Ọ̀tà yí i.

Èmi fara mọ́ ọn. Mi ò sọ pé Àgbádárìgì ò dáa o. Tíṣà tó wà lábẹ́ ìjọba Èkó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Agbára, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń wọlé, tí kò wá nǹkan míì ju atẹ́gùn àti ìdákẹ́jẹ́ lọ, kí wọ́n lọ, wọn ò ní kábàámọ̀, bí ìwé ilẹ̀ bá ti pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí agbára rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́, tó ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé àti owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ibi tí ọjà wà ni kó lọ.

Ọ̀bàǹtókò ni wọ́n gbà yàrá méjì sí, nítorí àwọn àlejò pọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ibo ni. Owó ọdún kan ni wọ́n san. Bàbá Ìbejì fi díẹ̀ nínú èyí tó kù ra irinṣẹ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré sójú títì. Àsìkò ọlidé ọdún ni wọ́n kó, kí àkọ́bí lè bẹ̀rẹ̀ SS 3 níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Màmá fi àgbọn ránṣẹ́ láti Àgbádárìgì pẹ̀lú ẹja àkọ́kọ́. Ojú Ore náà ni ẹja ń gbà kọjá: wọ́n á gbé e dé Àtàn, ẹnì kan á bá wọn gbé e wá síbẹ̀, ọkọ̀ Abẹ́òkúta á sì gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ìtokò ò tíì wá kí wọn. Ó ní òun gbọ́ pé àbúrò òun kó wá sílùú bàbá rẹ̀, ó lọ ń gbé ilé onílé, nígbà tí yàrá rẹ̀ wà nílẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé àpò láfún ṣì wà nínú yàrá náà.